Ìlà Pupa Ẹnu Ọ̀nà Tíátà

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ kò ṣòroó pè, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é nílé ìwòsàn yẹn. Sùn-ún-re ni tolórí tẹlẹ́mù mọ̀ ọ́n sí. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni kó gbé ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún sùn, kó máa ṣọ́ èémí rẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí, kó sì jí i padà. Tó bá ti mú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí onítọ̀hún, á ní, "Ẹ sùn ún re o," kí ẹni náà sì tó dáhùn, ó ti lọ. Àwọn kan bínú sí i nígbà kan pé òkú ni wọ́n ń kí báyẹn. Ó ní òótọ́ ni, àmọ́ kí wọ́n mú ẹyọ kan wá nínú àwọn tí òun kí tí kò jí, kó wá bú òun. Wọ́n rẹ́rìn-ín, orúkọ sì mọ́ ọn lára.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlà pupa. Lẹ́nu ọ̀nà tíátà, níbi tí ilẹ̀ yàrá iṣẹ́ abẹ ti pàdé ilẹ̀ yàrá tí wọ́n ti ń jí, ẹnìkan fi ọ̀dà pupa fa ìlà sílẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Nínú ìlà yẹn, Sùn-ún-re lọ̀gá. Oògùn oorun o, oògùn ìrora o, èyí tó ń gbé ìfúnpá sókè àti èyí tó ń rọ̀ ọ́ wá sílẹ̀, òun ló ń yàn án, òun ló ń wọ̀n ọ́n, òun ló ń fà á sínú abẹ́rẹ́, ẹnikẹ́ni kì í sì í bi í léèrè, torí pé ara iṣẹ́ oorun ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí táyà ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi ń ti aláìsàn jáde kọjá ìlà báyìí, ọ̀rọ̀ ti di ti dókítà. Wọ́n ní ìtọ́jú nìyẹn. Aláìsàn kan náà, ìrora kan náà, oògùn kan náà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́rùn Sùn-ún-re. Ó lè fún un, àmọ́ kò lè pàṣẹ pé kí wọ́n fún un. Dókítà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Bí kò bá bọ́gbọ́n mu lójú yín, ẹ má wò mí, èmi kọ́ ni mo ṣòfin.

Ìjà orí ìlà yìí ti pẹ́. Àwọn nọ́ọ̀sì oorun ní àwọn kàwé, àwọn mọṣẹ́, kí wọ́n jẹ́ káwọn máa pàṣẹ oògùn káwọn tó ń jẹ̀rora yéé jìyà. Àwọn dókítà ní rárá o, ẹni tó ń fúnni lóògùn kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń pàṣẹ rẹ̀, ojú méjì ló yẹ kó wo oògùn kó tó wọ ara èèyàn. Tó bá ṣì í ńkọ́, ta la máa mú? Ọ̀rọ̀ tọ̀tún tòsì ló lórí tó nídìí, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ìjà náà burú.

Sùn-ún-re ò dá sí i tẹ́lẹ̀. Tí ẹni tó wà lẹ́yìn ìlà bá ń jẹ̀rora, á fún un ní nǹkan, á wá dókítà lọ lẹ́yìn náà, dókítà á fọwọ́ sí i, wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín, ó parí. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn títí di ọjọ́ tó fún káfíńtà kan lábẹ́rẹ́ tí wọn ò wá rí dókítà kankan títí ilẹ̀ fi ṣú. Ara káfíńtà yá, ó relé, ó ń dúpẹ́. Síbẹ̀ wọ́n pe Sùn-ún-re sí ọ́fíìsì ńlá. Wọ́n ní pé ara rẹ̀ yá kọ́ lọ̀rọ̀. Wọ́n ní tó bá tún dán irú ẹ̀ wò, kó má wulẹ̀ padà wá síbi iṣẹ́, àwọn á sì rí i pé wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Obìnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí kí àwọn kan nínú àwọn tó jókòó síbẹ̀ tó mọ abẹ́rẹ́ yàtọ̀ sí ìṣó! Ó tẹríba, ó ní òun ti gbọ́.

Àtọjọ́ náà ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ògiri nígbà tí aláìsàn bá ń ké. Awakọ̀ kan ló kọ́kọ́ kàn, egungun itan rẹ̀ ń ro ó, ó ń ké pe ìyá rẹ̀ tó ti kú. Sùn-ún-re dúró tì í, ó ń retí dókítà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó kan ẹni tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n mọ́. Nígbà tó tún kan ẹlòmíì, ibi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti rántí pé iyọ̀ ti tán nílé. Háà, ọmọ èèyàn! Kò sí ohun tí kì í móni lára. Tó bá délé, á jẹun, á fọ abọ́, á sùn fọnfọn. Tí wọ́n bá bi í pé iṣẹ́ ńkọ́, á ní, "A dúpẹ́." Kò parọ́, kò sì sọ òótọ́. Nǹkan kan ti kú tipiri nínú rẹ̀, bí ìgbà téèyàn bá fi apá rọrí sùn tó jí tí kò mọ̀ pé òun ní apá, àmọ́ apá máa ń padà jí. Èyí kò jí.

Wàyí o, Sùn-ún-re ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, télọ̀ ni. Ìyá wọn kú nígbà tí Sùn-ún-re ṣì ń ra kòkòrò inú yẹ̀pẹ̀ mú ṣeré, Ẹ̀gbọ́n ló sì fi ẹ̀rọ ìránṣọ tọ́ ọ dàgbà, òun ló rán an nílé ìwé débi tó dé. Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ẹlẹ́kún. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ti gún un ní àtàńpàkò rí, ó gba inú èékánná já sódì kejì. Ó yọ ọ́, ó fẹnu fa ẹ̀jẹ̀ náà, ó sì rán aṣọ oníbàárà parí kó tó wá nǹkan dì í. Irú obìnrin yẹn ló yọ̀ ṣubú nínú ilé ìwẹ̀ tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ fi dá. Wọ́n ní àwọn máa la ẹsẹ̀ náà, àwọn máa fi irin àti ìṣó so egungun pọ̀, àwọn á sì padà wá yọ ọ̀kan nínú ìṣó náà tó bá jinná.

"Ta ló máa gbé mi sùn?" ni Ẹ̀gbọ́n bi í.

"Èmi náà ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Tí kì í bá ṣe ìwọ, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. N ó máa fi ọ̀kan tó kù fò."

"Èmi ni mo wí."

"Ṣé ó máa dùn mí?"

"Kò ní í dùn yín. Tẹ́ ẹ bá sùn, tẹ́ ẹ bá jí, ìrora kankan ò ní í kàn yín. Mo ṣèlérí."

Ẹ̀gbọ́n wò ó látòkè délẹ̀. "Ìwọ tó o máa ń ṣèlérí pé o ti fọ ìkòkò." Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Sùn-ún-re gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀, ó yà á lẹ́nu díẹ̀, torí ó ti pẹ́ tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn.

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún iṣẹ́ abẹ yẹn náà làwọn aláṣẹ ìjọba yàn láti wá gbọ́ ẹjọ́ dókítà àti nọ́ọ̀sì nínú gbọ̀ngàn ilé ìwòsàn, kí wọ́n lè mọ bóyá káwọn nọ́ọ̀sì oorun máa pàṣẹ oògùn tàbí kí wọ́n má pàṣẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì bẹ Sùn-ún-re kó wá gbẹnu sọ fún wọn. Ó ní òun ní aláìsàn. Nọ́ọ̀sì oorun kejì ló lọ, ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Kékeré, ẹnu rẹ̀ sì mú ju ọ̀bẹ lọ. Dókítà Oorun, ìyẹn ọ̀dọ́mọkùnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn lórí iṣẹ́ náà, ló máa gbẹnu sọ fún àwọn dókítà.

Kí Dókítà Oorun tó lọ, ó yí àwọn aláìsàn ọjọ́ náà ká. Ó kọ ohun tí wọ́n máa fún kálukú tó bá jí sínú fáìlì rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, ó tẹríba kí i dáadáa. "Màmá, ọwọ́ àbúrò yín lẹ wà. Ọkàn tèmi balẹ̀." Ó sì lọ. Kò kọ nǹkan kan. Sùn-ún-re ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi rọ́bà sọ́nà ọ̀fun nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ojú sì tì í láti máa kọ bí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ṣe máa tọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fún un. Sùn-ún-re náà ò ṣí fáìlì wò. Ó lérò pé ọmọ tí òun kọ́ níṣẹ́ kò ní í kọ ti gbogbo ayé kó gbàgbé ti ẹ̀gbọ́n òun, àti pé kéèyàn máa tú u wò bí ọlọ́pàá kò bójú mu. Ọ̀wọ̀ ló fà á. Àwọn méjèèjì ń bọ̀wọ̀ fúnra wọn, Ẹ̀gbọ́n sì wà láàárín.

Iṣẹ́ abẹ lọ dáadáa. Sùn-ún-re bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí Ẹ̀gbọ́n, ó kí i bó ṣe ń kí gbogbo èèyàn, Ẹ̀gbọ́n sì sùn. Ẹ̀gbọ́n máa ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta, èémí irú wọn sì máa ń ṣe ségesège tí oògùn ìrora bá pọ̀ jù lára wọn, nítorí náà Sùn-ún-re fún un níwọ̀nba. Ó ní òun á fi díẹ̀ kún un tó bá ti la ojú, kí wọ́n tó dé ìlà. Ètò tó dáa ni. Ṣùgbọ́n dókítà oníṣẹ́ abẹ ti ń bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ń wo aago. "Ó yá, ó yá, ẹ máa gbé wọn jáde. Wọ́n ń retí mi ní gbọ̀ngàn."

Ẹ̀gbọ́n la ojú. "Ṣé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

"Wọ́n ti ṣe é tán."

"Irọ́ ni. Kò dùn mí rárá."

Inú Sùn-ún-re dùn. Kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: inú rẹ̀ dùn gan-an, ó sì ti pẹ́ tí inú rẹ̀ ti dùn kẹ́yìn débi pé kò ríbi tó máa gbé e sí. Bàbá Kẹ̀kẹ́, arúgbó tó ń ti bẹ́ẹ̀dì káàkiri ilé ìwòsàn, fà á níwájú, Sùn-ún-re tì í lẹ́yìn. Táyà iwájú kọjá, táyà ẹ̀yìn kọjá. Ìgbà tó gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ kọjá ìlà ló rántí pé òun ò tíì fi kún un. Ó ní kò burú, àṣẹ rẹ̀ máa wà nínú fáìlì.

Kò pẹ́ tí ojú Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fún pọ̀. "Àbúrò mi, ẹsẹ̀ yìí ń ṣe mí bákan."

"Ó ń dùn yín ni?"

"Ó ń dùn mí." Ó gbá aṣọ bẹ́ẹ̀dì mú. "Ó ń dùn mí o. Háà! Ó ń dùn mí!"

Sùn-ún-re ti ń yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn bó ṣe ń ṣí fáìlì. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó tún wo iwájú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó sáré pe fóònù Dókítà Oorun, fóònù náà kú. Ó pe ti oníṣẹ́ abẹ, ó kú. Wọ́n ti gba fóònù gbogbo èèyàn lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn kó má bàa máa dún sí àwọn àlejò. Ó pe wọ́ọ̀dù. Dókítà tó wà níbẹ̀ ní ẹni tó wà ní yàrá ìjí kì í ṣe ti àwọn, ti Dókítà Oorun ni, òun ò lè ti ọwọ́ bọ abọ́ ẹlòmíì, kó ní sùúrù.

"Bàbá, ẹ bá mi sáré dé gbọ̀ngàn. Ẹ ní kí Dókítà Oorun máa bọ̀ kíákíá."

Bàbá Kẹ̀kẹ́ sáré bí agbára rẹ̀ ṣe mọ. Ìgbà tó padà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń ṣọ́ ọ ní kí ẹ ní sùúrù, ọ̀rọ̀ yín náà ni wọ́n ń sọ lọ́wọ́."

"Ọ̀rọ̀ wa báwo?"

"Bóyá kí wọ́n jẹ́ kí ẹ máa pàṣẹ oògùn."

Ẹ gbà mí! Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Àwọn ọ̀gá dókítà ilé ìwòsàn jókòó sínú gbọ̀ngàn, wọ́n ń jiyàn lórí ẹni tó yẹ kó fòpin sí ìrora, ẹni tó ń jẹ̀rora sì wà níbí tó ń fi eyín fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì ya.

Bàbá Kẹ̀kẹ́ wo ilẹ̀, ó wo Sùn-ún-re. Ó sún mọ́ ọn. "Nọ́ọ̀sì, ṣebí ìlà yìí ni gbogbo wàhálà? Ẹ jẹ́ ká tì wọ́n padà wọ inú tíátà. Ẹ fún wọn ní nǹkan níbẹ̀, ká tún tì wọ́n jáde. Èmi ò rí nǹkan kan, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì látọjọ́ tó pẹ́." Ó ti tú bíréèkì bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì náà mì. Táyà ẹ̀yìn ò jìn sí ìlà ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ.

Sùn-ún-re di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Ó wo inú tíátà. Obìnrin tó ń tún ibẹ̀ ṣe dúró síbẹ̀, ó fara ti igi ìnulẹ̀, ilẹ̀ tútù náà ń dán.

"Wọ́n ti fọ ilẹ̀," ni Sùn-ún-re wí.

"Kí lẹ wí?"

"Wọ́n ti fọ tíátà fún tọ̀la."

"Ah-ah, Nọ́ọ̀sì," ni obìnrin náà pariwo látinú lọ́hùn-ún, "n ó tún un fọ̀! Kí ni fífọ̀! Ẹ tì wọ́n wọlé!"

Sùn-ún-re fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì padà. Ó gbọ́ bó ṣe dún. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan ṣe òun. Ó ń dúró kí nǹkan náà dé, bí ẹni tó ń dúró kí omi hó, àmọ́ kò sí iná lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ju pé fèrèsé òdìkejì ti dọ̀tí. Bàbá Kẹ̀kẹ́ wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ó sì lọ dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Àbúrò mi." Ohùn Ẹ̀gbọ́n ti há. "O ṣèlérí."

Sùn-ún-re tẹ̀ síwájú. Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, níbi tó máa ń gbé e lé fún gbogbo èèyàn, ó sì lo ohùn tó máa ń lò fún gbogbo èèyàn. "Ẹ mí sínú, Màmá. Ẹ mí síta. Dókítà ń bọ̀."

Ẹ̀gbọ́n yí ojú sí i nínú ìrora yẹn. "Ta ni màmá rẹ?"

 Ẹ̀gbọ́n tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún tí kò sunkún, ó sunkún lọ́jọ́ náà. Ó sun ún títí kò fi lóhùn mọ́. Ó ké pe ìyá wọn, ó ké pe Ọlọ́run, ó sì wá dé ibì kan tí kò pe ẹnikẹ́ni mọ́, ó kàn ń kérora. Sùn-ún-re dúró tì í, kò lọ, kò jókòó, ó ń nu òógùn iwájú orí rẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá mú bí i kí ni, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ohun táwọn èèyàn máa sọ nìyẹn láti tù ú nínú lẹ́yìn náà. Kì í ṣe òótọ́. Ó lè gbẹ́ ẹ. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Dókítà Oorun wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín, ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ṣì ń gbóná lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó rí Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rín náà kú. "Kí ló dé? Kí lẹ fún wọn?"

"Kò sí nínú fáìlì."

"Nọ́ọ̀sì! Ẹ̀gbọ́n yín ni! Ẹ̀ bá ti fún wọn, ǹ bá fọwọ́ sí i tí mo bá dé. Ta ló máa bi yín?"

"Ẹ fọwọ́ sí i," ni Sùn-ún-re wí.

Ó fọwọ́ sí i, ọwọ́ tirẹ̀ ló ń gbọ̀n. Sùn-ún-re ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa oògùn, ó fún un. Ó mọṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò kán sílẹ̀. Ojú Ẹ̀gbọ́n tú díẹ̀díẹ̀, ó sì sùn. Sùn-ún-re fọ ọwọ́, ó relé, ó jẹun, ó fọ abọ́.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ wò ó ní wọ́ọ̀dù. Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí, ojú rẹ̀ ti fà ro. Wọ́n kí ara wọn. Ẹ̀gbọ́n ò bínú, ì bá sàn kó bínú.

"Ìbéèrè kan ni mo ní. Ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń ṣe fún gbogbo wọn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Àtìgbà wo?"

"Àtìgbà tí wọ́n ti kìlọ̀ fún mi."

"O sì ń sùn tó o bá délé?"

"Mò ń sùn."

Ẹ̀gbọ́n kàn mi orí. Ó tún aṣọ ìbora rẹ̀ ṣe, ó ní kó bá òun pe ẹni tó ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀.

Ìjọba kò pẹ́ dájọ́. Àwọn nọ́ọ̀sì borí. Wọ́n ní káwọn nọ́ọ̀sì oorun máa pàṣẹ oògùn fún aláìsàn wọn títí wọ́n á fi padà sí wọ́ọ̀dù, kí dókítà máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn. Ariwo ayọ̀ sọ nílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Kékeré fò mọ́ Sùn-ún-re, ó ní, "Àǹtí, a ti borí! A ti borí!" Sùn-ún-re fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, ó ní ó ṣeun, ó gbìyànjú. Ibi tó ti kúrò níbi iṣẹ́ ló gbà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Ẹ̀gbọ́n, torí kò mọ ẹlòmíì tí òun lè sọ fún.

Ẹ̀gbọ́n wà nídìí ẹ̀rọ, ó ti ń fi ọ̀pá rìn. Ó fetí sí i láìgbé ojú sókè nínú aṣọ tó ń gé. "Ó dáa. Ẹ kú oríire."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la máa yọ ìṣó ẹsẹ̀ yín. Tó bá dùn yín, mi ò ní í dúró de ẹnikẹ́ni."

"Mo ti bá Kékeré sọ̀rọ̀," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Òun ló máa gbé mi sùn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò gbọ́ ohun tí mo wí. Wọ́n ti gbà mí láyè."

"Mo gbọ́." Ẹ̀gbọ́n gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó sì wò ó tàánútàánú, bó ṣe ń wò ó nígbà tí Sùn-ún-re wà lọ́mọdé tí ibà ń ṣe é. "Tí wọ́n bá tún gba àyè náà padà ńkọ́?"

 Ẹ̀gbọ́n ní kó jókòó kó jẹun. Ó jókòó, ó jẹ ẹ́.

Ọjọ́ pé. Sùn-ún-re kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó wọ aṣọ ilé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn mọ̀lẹ́bí máa ń jókòó sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ibi tí kò jókòó sí rí láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì náà le. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ń dúró de ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ta lẹ ní nínú?"

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Wọ́n mọṣẹ́."

 Sùn-ún-re mọ gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún látinú ìró tó ń gba ilẹ̀kùn jáde. Ó mọ ìgbà tí Ẹ̀gbọ́n sùn, ó mọ ìgbà tí irin bọ́ sínú àwo, ó gbọ́ táyà bẹ́ẹ̀dì nígbà tí wọ́n tì í bọ́ sí yàrá ìjí. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n, ìkérora kan, gígùn. Ó ti dìde kó tó mọ̀ pé òun dìde. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ tí Kékeré ní, "Ó ń dùn yín, Àǹtí? Ẹ jọ̀ọ́, ó tán báyìí." Ó gbọ́ kọ́kọ́rọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìkérora tún dún, ó dín kù, ó sì dáwọ́ dúró. Kò pẹ́ rárá. Kò tó àkókò téèyàn máa fi ka ohun tó wà lára ìgò.

Ó padà sórí bẹ́ǹṣì, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé obìnrin náà lórí. Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó níbi tí kò mọ orúkọ rẹ̀, láàárín àyà àti ọ̀fun, ó le débi tó fi fi ọwọ́ méjèèjì di ibẹ̀ mú. Awakọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, tó ń ké pe ìyá rẹ̀. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà dé. Gbogbo wọn dé.

Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Ẹ má sunkún mọ́, ìyá. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Wọ́n ti fún wọn ní nǹkan. Kò dùn wọ́n mọ́."

"Mo gbọ́," ni Sùn-ún-re wí, ó sì ń sunkún lọ.